Orúkọ Tó Ń Bá Ẹrù Rìn: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Abúlé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda ara yín fún iṣẹ́ yìí láìgba owó oṣù, mo kí yín. Agogo kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Agogo idẹ ni, irú èyí tí olùkọ́ máa ń fi ọwọ́ mì láti pe àwọn ọmọ wọlé. Igi ni ìdimú rẹ̀, àwọn ọwọ́ tó ti dì í mú fún ọdún gbọọrọ sì ti jẹ́ kí apá kan ibẹ̀ máa dán bí ẹni pé wọ́n ń fi òróró pa á. Nísàlẹ̀ ìdimú yẹn, ẹnì kan fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́tà méjì sí i. Lẹ́tà kejì wọ́, ó jọ pé ọ̀bẹ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Etí agogo náà là níbì kan, nítorí náà ohùn rẹ̀ kì í lọ jìnnà mọ́. Ó wà lórí pẹpẹ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé abúlé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo ohun tí a sì mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí mo sọ tán yìí lọ.

Ẹnì kan ló mú un wá. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti lò ó, ó mọ ẹni tó ni lẹ́tà méjì yẹn, ó sì sọ ìtàn náà fún wa bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta nígbà tí a jọ ń gbálẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mú kálàmù. Nígbà tí ẹni yẹn fi ayé sílẹ̀, ìtàn agogo bá a lọ. Èmi rántí pé olùkọ́ obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn búra pé ọkùnrin ni. Ẹnì kẹta ní kì í tilẹ̀ ṣe ilé-ẹ̀kọ́, pé ilé ìjọsìn ni wọ́n ti lò ó. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni kíkọ ọ́ sílẹ̀ ì bá gbà lọ́wọ́ wa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá dúró níwájú yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ, ẹ̀ka rẹ̀ sì ni gbogbo ìyókù: nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ará abúlé ń fọwọ́ ara wọn bójú tó, ìwé tí a kọ ìtàn ẹrù sí gan-an ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé, pẹpẹ àti àpótí gíláàsì kàn ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Bí agogo bá wà nínú mùsíọ́ọ̀mù ńlá ní olú-ìlú, ó lè jẹ́ pé òun ló dàgbà jù nínú irú rẹ̀, tàbí pé ọwọ́ oníṣọ̀nà olókìkí ló ti wá, tàbí pé ọba kan ló ni ín. Bí wọn kò bá tilẹ̀ mọ ẹni tó lò ó, ẹwà rẹ̀ á ṣì máa pe èèyàn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Irú agogo wa pọ̀ káàkiri ayé. A lè rí mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó sọ ọ́ di tiwa ni pé ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ mì ín ní àárọ̀ tí a mọ ọdún rẹ̀, pé àwọn ọmọ tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà láàárín wa sáré wọlé nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Bí a bá gé okùn yẹn, a ti padà ní agogo kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún agogo. Ìtàn abúlé kì í sábà wọ inú ìwé ìtàn orílẹ̀-èdè, bí kò ṣe ìgbà tí ogun bá gba ibẹ̀ kọjá tàbí tí wọ́n bá rí nǹkan lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò bá kọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò kọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan dá sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Nọ́wè, oníṣègùn eyín kan wà tó ń jẹ́ Anders Sandvig. Ó ṣí lọ sí ìlú Lillehammer ní ọdún 1885 nítorí àìlera, ó sì máa ń rin ìrìn-àjò gba àwọn oko àfonífojì Gudbrandsdalen láti tọ́jú eyín àwọn àgbẹ̀. Bí ó ti ń wọlé tí ó ń jáde nínú ilé wọn, ó rí i pé àwọn irinṣẹ́ àti àga tí bàbá ńlá wọn fi ọwọ́ gbẹ́ ń pòórá. Láti ọdún 1887 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ; nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó odindi ilé. Àkójọ rẹ̀ yìí ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Maihaugen tí wọ́n ṣí ní 1904, ó sì wà títí di òní. Ní Swídìn, Artur Hazelius ṣí Skansen ní Stockholm ní ọdún 1891, níbi tí ó kó àwọn ilé abúlé láti apá ibi gbogbo ní orílẹ̀-èdè náà jọ sí gbangba. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ohun kan máa ń kọ mí lóminú nínú irú ètò bẹ́ẹ̀: nígbà tí ilé ti kúrò ní abúlé rẹ̀ lọ sí olú-ìlú, ta ló kù tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí ó sọ pé ibí ni wọ́n bí ìyá mi sí?

Ìbéèrè yẹn náà ni àwọn kan ń rò ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn náà ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì, Hugues de Varine àti Georges Henri Rivière, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa irú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí gbogbo agbègbè yóò jẹ́ ilé fún, tí àwọn olùgbé rẹ̀ yóò sì jẹ́ olùtọ́jú rẹ̀. Ọdún 1971 ni wọ́n fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ écomusée. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpàdé kan wáyé ní Santiago ní orílẹ̀-èdè Ṣílè, níbi tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ti sọ ọ́ gbangba pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìgbé ayé àwọn tó yí i ká. ICOM, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, tún ìtumọ̀ ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́ kọ ní Prague ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n sì fi ìkópa àwùjọ sínú rẹ̀. Mo ti ka ìtumọ̀ náà lọ ka á bọ̀. Ó sọ nípa ṣíṣe ìwádìí, kíkójọ, títọ́jú, ṣíṣàlàyé àti pípàtẹ, ó sì ní kí a má fi ṣe òwò èrè. Kò sọ nípa ilé alárà òkúta iyebíye, kò sì sọ pé ẹni tó ń gbowó oṣù nìkan ló lè ṣe é. Ilé oníyàrá méjì tí wọ́n ń ṣí ní ọ̀sán Sátidé kò sí lẹ́yìn òde.

Báwo ni ẹrù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa? Lọ́pọ̀ ìgbà, ikú ló ń gbé e wá. Àwọn ọmọ wá láti ìlú ńlá, wọ́n ní ọjọ́ méjì péré láti palẹ̀ ilé òbí wọn mọ́, wọ́n sì gbé àpótí sí ọwọ́ wa pé, “Ẹ gbà á o, bí ẹ kò bá gbà á, a ó sun ún ni.” Ojú wọn pọ́n, ó ti rẹ̀ wọ́n, àánú wọn sì ṣe wá. Wákàtí yẹn gan-an ló yẹ kí a fi inú rere mú àga, kí a ní kí wọ́n jókòó, kí a sì bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà níwájú wa: ta ló ni ín? Níbo ni ó máa ń gbé e sí nínú ilé? Kí ló ń fi í ṣe, ìgbà wo ló sì jáwọ́ nínú rẹ̀? Kí wọ́n tó padà dé ìlú, ìdajì rẹ̀ ti lọ kúrò lọ́kàn wọn.

Ibẹ̀ náà ni a ti gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń sọ pé rárá, ó sì nira fún wa, nítorí pé aládùúgbò wa ni ẹni tí a fẹ́ kọ̀ fún. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé abúlé kì í kú nítorí àìní ẹrù. Àpọ̀jù ẹrù ló ń pa á. Ẹ̀rọ ìránṣọ kẹrin tó jọ mẹ́ta tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ yóò gba àyè, yóò gba ekuru, yóò sì gba ọjọ́ Sátidé ẹnì kan tí ì bá fi kọ ìtàn ẹyọ kan dáadáa. Ẹ fẹnu kò lórí ojú ewé kan péré tó sọ ohun tí ẹ ń gbà àti ohun tí ẹ kì í gbà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ẹrù, kí ó jẹ́ pé ìwé ara ògiri ló kọ ọ́, kí ó má jẹ́ ẹnì kan. Ẹ má gba ohun ìjà tí ẹ kò mọ̀ bóyá ó ṣì lè bú, ẹ má gba ìgò oògùn àtijọ́ tí oògùn ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má sì gba ohun tí a hú nílẹ̀ tàbí ohun mímọ́ ẹlòmíràn tí ẹni tó mú un wá kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ti tú ẹgbẹ́ ká níbi púpọ̀, òun ni “ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀.” Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọrẹ ni tàbí ìyálò. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ-ọmọ dé pé òun fẹ́ gba ohun bàbá àgbà òun padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní ìdílé ti fi tọrẹ. Èmi fúnra mi ti jókòó láàárín irú ìjà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi tí mo lè nà sí wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹrù kan kì í wọlé lọ́dọ̀ wa láìsí ìwé ìtọrẹ tí ẹni tó mú un wá àti ẹni tó gbà á jọ fọwọ́ sí, tó sì sọ ní kedere pé ẹrù náà ti di ti ẹgbẹ́, kì í ṣe ti èmi tàbí ti alága. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n yá wa ni, a ó kọ ọjọ́ tí a ó dá a padà sí i, a kì í sì í jẹ́ kí ó ju ọdún mẹ́ta lọ kí a tó tún un yẹ̀ wò.

Wàyí o, mo dé orí ìwé ńlá náà. Ní Bìrìtéènì, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Spectrum, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1994. Ètò 21 ló wà nínú rẹ̀, bí olùyọ̀ǹda ara ẹni bá sì kọ́kọ́ rí i, ó lè fẹ́ sá lọ. Kí ó má sá. Gbòǹgbò rẹ̀ rọrùn: gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ wà lára ẹrù, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, ìwé sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ẹrù náà wà lónìí. Bí a ti ń ṣe é lọ́dọ̀ wa rèé. Bí a bá kọ 2024.7.3, ọdún tí ó wọlé ni nọ́ńbà àkọ́kọ́, ọrẹ keje tí a gbà lọ́dún náà ni èkejì, ohun kẹta nínú ọrẹ yẹn sì ni ẹ̀kẹta. Ìwé tí a ran ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń lò, tí ojú ewé rẹ̀ ní nọ́ńbà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè yọ ọ̀kan láìjẹ́ pé a mọ̀. Bí a bá ṣe àṣìṣe, ilà kan la ó fà sí i kí a ṣì lè ka ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà wúlò fún wíwá nǹkan kíákíá, a sì ní i, ṣùgbọ́n ìwé ni a kọ́kọ́ ń kọ.

Kíkọ nọ́ńbà sára ẹrù ní ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ má fi ìwé alátè lẹ̀ ẹ́, nítorí àtè rẹ̀ á gbẹ, ìwé á já bọ́, àbàwọ́n á sì kù síbẹ̀. Lára irin, igi àti gíláàsì tí a kò fi ọ̀dà kùn, ẹ wá ibi tí ojú kò ní tètè rí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun Paraloid B-72, ìyẹn oje kan tó máa ń gbẹ mọ́ gaara, tí a fi omi acetone pò sí i, ìwọ̀n èékánná ọmọdé ti tó; bí ó bá gbẹ, ẹ kọ nọ́ńbà lé e lórí, ẹ sì tún kun ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá di ọjọ́ iwájú tí ẹnì kan fẹ́ yọ ọ́, acetone á nù ún kúrò láìpa ẹrù lára. Ti aṣọ, ẹ kọ nọ́ńbà sórí ọ̀já òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ gán an mọ́ etí aṣọ. Ti ìwé àti àwòrán, pẹ́ńsùlù rírọ̀, irú 2B, ni kí ẹ fi kọ ọ́ sí ẹ̀yìn, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò máa ń yọ sí iwájú àwòrán, mo sì ti rí ojú ìyàwó ojú-ọ̀nà kan tí nọ́ńbà là kọjá bí àpá nítorí báírò.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò gbọdọ̀ mọ sórí nọ́ńbà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ní irin kékeré kan tó tẹ̀ bí ṣíbí, tí ẹnì kan ti kọ “irinṣẹ́ àgbẹ̀” sí. Ọdún mẹ́fà ló fi wà pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ oko. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tó wá wo ilé náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ bèèrè bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. A fún un. Kò wò ó rárá. Ó fi àtàǹpàkò sínú ibi tó tẹ̀ náà, ó jókòó, ó gbé e lé orúnkún rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kejì sì ń ṣe bí ẹni tó ń fa nǹkan lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Irin tí bàbá mi fi ń tẹ etí bàtà ni. Èmi ni mo máa ń bá a dì í mú.” Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri nígbà tó ń sọ ọ́, bí ẹni pé ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń wò níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kálàmù wà lọ́wọ́ wa. A kọ orúkọ bàbá rẹ̀, a kọ ibi tí ilé iṣẹ́ náà wà, a kọ iye ọmọ iṣẹ́ tó ní, a sì ya àwòrán bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dì í mú. Irin náà kúrò láàárín irinṣẹ́ oko ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà gbọ́ pé kí a máa gbé ẹrù sí ọwọ́ àgbà kí a tó bi í ní ìbéèrè. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Allan Nevins, dá ilé iṣẹ́ ìtàn àfẹnusọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia ní ọdún 1948, ọ̀pọ̀ ló sì ti tọ ipa ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Fóònù tó wà nínú àpò yín ti tó láti gba ohùn sílẹ̀ dáadáa bí ẹ bá ti fèrèsé, tí ẹ pa fáànù, tí ẹ sì gbé e sí nǹkan bí apá kan sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́, ibi, àti orúkọ àwọn tó wà níjòókòó sínú rẹ̀. Ẹ bèèrè ìyọ̀ǹda, ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ sí i, ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó lè ní kí ẹ má ṣe gbé apá kan jáde nígbà tí òun ṣì wà láàyè. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ ló nira jù. Àgbà tó bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà padà sí ibẹ̀. Ẹni tó bá já lu ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àwòrán náà ń béèrè irú ìkánjú kan náà. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí àwọn ará abúlé yóò gbé àwòrán ilé wọn wá, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì gbé tiwọn padà lọ sílé. Èèyàn kì í fẹ́ fi àwòrán ìyá rẹ̀ tọrẹ, kò sì yẹ kí a fi agídí gbà á. Ohun tí a ń wá ni orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, láti apá òsì dé apá ọ̀tún, ìlà iwájú àti ìlà ẹ̀yìn, kí àwọn tó lè dá wọn mọ̀ tó tán.

Ní ti àwọn ọ̀tá ẹrù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀ púpọ̀, nítorí pé ẹ lè kọ́ wọn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àyàfi ti ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kà sí ọ̀tá. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jẹ lára aṣọ àti ìwé kì í padà. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí fún aṣọ, ìwé àti àwòrán aláwọ̀ omi jẹ́ nǹkan bí 50 lux, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan tó wọlé láti ojú fèrèsé lè súnmọ́ 100,000. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí kan nínú oòrùn yẹn jọ ẹgbẹ̀rún méjì wákàtí lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó yẹ. Kọ́tìnnì tó nípọn, tí a ń fà bò ó nígbà tí kò bá sí àlejò, ni ohun tó wúlò jù tí ẹgbẹ́ tí kò lówó lè rà. Ọ̀rinrin ni ó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti ń ju ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ fún ọjọ́ pípẹ́, awọ, ìwé àti aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ gbé ẹrù kúrò nílẹ̀, ó kéré tán ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ má sì jẹ́ kí ó fara ti ògiri tó kọjú sí ìta. Bí kòkòrò bá ti wọ aṣọ tàbí igi kékeré, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ amóhun-dì tó tutù dé ìwọ̀n −20 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì tú ọ̀rá náà títí tí òtútù yóò fi lọ kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ha idẹ àti irin títí yóò fi máa dán. Orúkọ ẹni tó rọ ọ́ lè jẹ́ ohun tí ẹ ń ha dànù.

Iná kò ní ìwọ̀n. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, iná jó mùsíọ́ọ̀mù orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì ní Rio de Janeiro, ohun tó wà níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún mílíọ̀nù. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá ti ya àwòrán ohunkóhun nínú ilé náà rí kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́. Bí ibi tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè dé ipò kí ó máa wá ìtàn ara rẹ̀ kiri nínú fóònù àwọn àlejò, kí ni ká wá sọ nípa ilé onígi kan tí ìwé kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀? Ẹ ya gbogbo ojú ewé ìwé yín ní àwòrán ní oṣù mẹ́tamẹ́ta. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí òmíràn wà ní ìlú mìíràn tí iná tàbí omi kan náà kò lè dé.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó le díẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹrù tọrẹ ni àwọn tó ní ẹrù. Nítorí náà, bí a kò bá ṣọ́ra, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé abúlé á di ìtàn àwọn tó ní ilé gíga àti ilẹ̀ gbígbòòrò, ẹni tó bá sì wọlé á rò pé àwọn nìkan ló gbé ibẹ̀ rí. Níbo ni alágbàṣe tó ń bá wọn kórè wà? Níbo ni obìnrin tó gbẹ̀bí ìdajì abúlé wà, tí kò fi nǹkankan sílẹ̀ ju báàgì kan lọ? Níbo ni àwọn tó wá láti ibòmíràn wà, tí wọ́n sì tún lọ? A ní láti jáde lọ wá wọn, nítorí wọn kò ní wá bá wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbà pé ìtàn kò kan àwọn. Bí wọn kò bá sì ní ẹrù, ohùn wọn ti tó, ẹ fún un ní nọ́ńbà bí ẹ ti ń fún àga.

Ìjà ìdílé àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà yóò yọjú. Àwọn kan á ní kí ẹ fò ó. Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ ohun tí olúkúlùkù sọ, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ má sì dá ẹjọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ló gbọ́dọ̀ wà lára ògiri ní ọdún yìí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé.

Ó ku ọ̀rọ̀ nípa àwa fúnra wa. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bí irú èyí, ẹnì kan máa ń wà tó mọ ohun gbogbo. Òun ló ní kọ́kọ́rọ́, òun ló mọ àpótí tí lẹ́tà wà, òun ló mọ ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ tọrẹ. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, àárín ìfẹ́ yẹn gan-an sì ni ewu wà, nítorí pé a kì í bi í léèrè kí a sì kọ ọ́, a kàn ń pè é ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi ni mo wá di ẹni yẹn níbi tiwa. Fún ọdún mẹ́rin, bí mo bá ṣàìsàn ní Sátidé, ilé kì í ṣí. Mo rò pé iṣẹ́ ìsìn ni mò ń ṣe, n kò mọ̀ pé mo ń kọ́ ilé náà bí yóò ṣe kú pẹ̀lú mi.

A ti ṣe kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta báyìí, ó sì wà lọ́wọ́ ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A kì í sọ fún olùyọ̀ǹda tuntun mọ́ pé kí ó wá ní gbogbo ìgbà tí ó bá ráyè. Wákàtí méjì lẹ́ẹ̀mejì lóṣù ni a ń béèrè, iṣẹ́ kan pàtó ni a sì ń fún un tí yóò lè parí: kọ àpótí yìí sínú ìwé, kí o sì máa lọ sílé. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ti ń pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn, tí wọn kò bí sí abúlé náà rárá, ló bá agogo yẹn pàdé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wọn gíga rẹ̀, ó wọn ẹnu rẹ̀, ó ya lẹ́tà méjèèjì sínú ìwé bí wọ́n ṣe rí, títí kan bí èkejì ṣe wọ́. Nígbà tó dé ibi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tó lò ó, ó yíjú sí mi. Mo sọ ohun tí mo rántí fún un, mo sì sọ pé kò dá mi lójú. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó kọ ohun tí mo rántí, ó kọ orúkọ mi sí i, ó kọ ọjọ́, ó kọ pé kò dá mi lójú, ó kọ ohun tí àwọn méjì yòókù sọ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ìlà mẹ́rin sílẹ̀ láìkọ nǹkankan sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹrù tó kàn.